Ọmọ Tí Kò Ní Okùn Lọ́rùn

Irùngbọ̀n iwin odò ni mo dì mú, ó sì ń wọ́ mi lọ sínú odò. Omi ti dé àyà mi. Ọmọbìnrin kékeré tí mo pọ̀n ti gun èjìká mi, ó di etí mi méjèèjì mú bí ẹni di etí agbọ̀n mú. Ìbọn mi wà ní èbúté. Oògùn mi ti bá omi lọ. Irùngbọ̀n iwin náà nìkan ló kù lọ́wọ́ mi, n kò sì jẹ́ kó lọ.

"Baba Ọdẹ́jàyí, lọ́dún tó kọjá ẹ ní ìrù rẹ̀ ni ẹ dì mú."

Rẹ̀mílẹ́kún nìyẹn. Èyí tó ní ìrù yàtọ̀ sí èyí, Rẹ̀mílẹ́kún. Èyí ní irùngbọ̀n. Máa bó ẹ̀gúsí olóko tí wọ́n gbé fún ọ.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sábẹ́ odán yìí ti ń jiyàn láti àárọ̀ pé bóyá ọmọdé lè ní ìwà tirẹ̀, tàbí pé ẹ̀kọ́ tí a fi pàṣán kọ́ ọ nìkan ló ní. Ẹ bi mí. Èmi kì í jiyàn. Ohun tí mo rí ni n ó sọ. Àwọn ọdẹ mìíràn rí i pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àwọn kò padà wálé láti sọ ọ́.

Orúkọ ọmọ tó wà léjìká mi ni Àwẹ̀ró. Eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ni, kò tíì hù padà. Ìyá rẹ̀, Fẹ̀yìntọ́lá, ni a ń lọ gbà.

Ọ̀dá dá ní ìlú wa Agbọ́njú lọ́dún náà, ìyàn sì mú. Baba Àwẹ̀ró ti kú ṣáájú. Àwẹ̀ró dùbúlẹ̀, ebi ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wọ inú Igbó Aláàlè lọ wá ohun tí ọmọ yóò jẹ. Ẹ mọ àálè: ṣùkù àgbàdo, àkísà pupa, ìkarahun ìgbín, tí olóko ń so mọ́ nǹkan rẹ̀ kí olè má fọwọ́ kàn án. Ohun tí àálè bá wí, òun náà ni yóò ba ẹni tó bá kọjá rẹ̀. Nínú igbó yẹn, àwọn iwin ló ni àálè. Fẹ̀yìntọ́lá rí iṣu kan. Ó rí àálè lára rẹ̀. Ó wa iṣu náà, ó sè é, ó fi bọ́ ọmọ rẹ̀. Ọmọ dìde. Bí ọmọ ti dìde ni ẹsẹ̀ ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra rẹ̀ padà sínú igbó. A fi okùn dè é, okùn já. Ó lọ.

Lẹ́yìn náà ni ẹyẹ kan bà sórí ògiri ilé Baálé, olórí ìlú wa. Ó ní Fẹ̀yìntọ́lá wà lórí àpótí ní ìlú Olórí-Méjì, kò sì ní kúrò níbẹ̀ àfi bí ẹnì kan bá wá gbà á, ẹni tí ìwà rẹ̀ kì í ṣe ìbẹ̀rù, tí kì í sì í ṣe àṣẹ ẹlòmíràn. Ẹyẹ náà fò lọ. Kò gba ìbéèrè.

Làníhún ló kọ́kọ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n baba Àwẹ̀ró ni. Olóòótọ́ ni gbogbo ìlú ń pè é, òun náà sì ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo mú un dé ibẹ̀, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó mọ ọ̀nà igbó náà. Àwọn ará ibẹ̀ ní kó wọ ilé kan tó kún fún ohun rere, kó sì jáde. Ó wọlé, ó jáde, kò mú nǹkan kan. Wọ́n bi í pé kí ló dé tí kò mú nǹkan. Irọ́ kì í jáde lẹ́nu ní ìlú yẹn. Ó ní òun bẹ̀rù àálè. Wọ́n ní kò sí àálè nínú ilé náà. Ó ní òun rò pé wọ́n fi pamọ́ ni. Wọ́n gbé àpótí fún òun náà.

Mo padà wá jẹ́ iṣẹ́ náà fún àwọn àgbà. Kò sí ẹni tó tún fẹ́ lọ. Ìgbà náà ni Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ láàárín wọn, ó ní òun yóò lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Baálé ní: "Ìwà wo ló wà lọ́wọ́ ọmọdé? Ẹ̀kọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. A ní kó kí ènìyàn, ó kí ènìyàn. A ní kó má jalè, kò jalè. Ère tó dára, ìyìn rẹ̀ kì í ṣe ti igi, ti agbẹ́gilére ni."

Àwẹ̀ró ní: "Kí ẹ̀yin agbẹ́gilére lọ nígbà náà, sà."

Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Kò sí ẹni tó lọ.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Baba? Kí ló dé tí ẹ̀yin kò wọ ilé náà nígbà tí ẹ débẹ̀?"

Mo mọ ara mi, Rẹ̀mílẹ́kún.

Èmi náà gbà pẹ̀lú Baálé. Mo gbé ọmọ náà nítorí pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé e. Ọ̀nà tí mo bá Làníhún gbà ti dí, báyìí ni a ṣe dé odò.

Iwin odò ní: "Ọdẹ, fi irùngbọ̀n mi sílẹ̀."

Mo ní: "Fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀."

"Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ fi sílẹ̀."

"Àgbà ló ń ṣáájú."

A dúró bẹ́ẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́, kò rẹ̀ mí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń ka àwọn ọdẹ ilẹ̀ yìí. Nígbà tó yá, ó ní òun yóò bi wá ní ọ̀rọ̀ kan, bí a bá mọ̀ ọ́n kí a kọjá. Ó ní: "Kí ni ọmọdé ní tí àgbà kò ní?"

Mo ní: "Eré."

"Àgbà ń ṣeré. Mo ti rí wọn."

"Ẹkún."

"Ìwọ gan-an fẹ́ẹ́ sunkún báyìí."

Àwẹ̀ró fi ọwọ́ tẹ orí mi wálẹ̀ kí òun lè rí ojú iwin náà dáadáa. Ó ní: "Ẹni tó ń rán an níṣẹ́ ni, sà."

Iwin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi gun bèbè. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní ìyá òun ti kú nígbà tí odò náà ṣì jẹ́ ìsun, láti ìgbà náà kò sí ẹni tó rán òun níṣẹ́ mọ́. Ó fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀. Mo fi irùngbọ̀n sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ní òdì kejì odò ni Ìlú Ọmọ-Dára wà. Ọmọ ibẹ̀ kì í sáré. Wọn kì í bú ara wọn. Bí àgbà bá húkọ́, gbogbo wọn a kúnlẹ̀. Wọ́n gba àpò lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé ìjókòó fún mi, wọ́n dúró sẹ́yìn mi láìsọ̀rọ̀.

Mo ní: "Àwẹ̀ró, o rí ọmọ?"

Ó ní: "Mo rí wọn, Baba."

Ọ̀kan nínú wọn ń da omi sí mi lọ́wọ́ kí n lè jẹun. Nígbà tó súnmọ́ mi ni mo rí okùn kan, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú aláǹtakùn, ó ti ọrùn rẹ̀ lọ sí ọwọ́ àgbà kan tó jókòó ní ọ̀ọ̀kán. Gbogbo ọmọ ìlú náà ló ní in. Mo yí padà láti wò ó dáadáa, àdá ìbàdí mi gé okùn náà. Ọmọ náà da ìyókù omi sí mi lójú. Ó yọ ata inú àpò mi, ó gé mi jẹ ní àtàǹpàkò, ó sì ń wá òkúta tí yóò sọ lù mí nígbà tí àgbà náà dé, tó sì so okùn padà.

Ọmọ náà kúnlẹ̀. Ó ní: "Ẹ pẹ̀lẹ́, Baba. Ta ló ṣe yín léṣe?"

Àgbà náà ní: "Ẹ má bínú, ọdẹ. Ọmọ wa kò burú. Okùn ló já."

Mo fa ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ mi mu. Mo bi í pé ìgbà wo ni wọn ó tú okùn náà. Ó ní tó bá dàgbà. Mo bi í pé ta ló tú tirẹ̀. Ó yí ọrùn rẹ̀ fún mi. Okùn kan wà níbẹ̀, ó ti dọ̀tí, ó gba ojú fèrèsé wọnú yàrá kan tó ṣókùnkùn. N kò rí ẹni tó dì í mú.

A kò sùn níbẹ̀. Nígbà tí a rìn síwájú, Àwẹ̀ró ń fi ọwọ́ pa ọrùn rẹ̀ kiri.

Ó ní: "Baba, ṣé èmi náà ní in?"

"N kò rí i."

"Bóyá tèmi tẹ́ẹ́rẹ́ ju tiwọn lọ."

"Bóyá."

Ó ń yọjú wo ọwọ́ mi ní gbogbo ọ̀nà, bóyá èmi ni mo dì í mú.

A dé ìlú Olórí-Méjì. Òun ni adájọ́ ibẹ̀. Ara kan ló ní, orí méjì. Orí ọ̀tún ń jẹ́ Gbàábẹ́ẹ̀, orí òsì ń jẹ́ Kòdámilójú. Gbàábẹ́ẹ̀ ń darí ọwọ́ ọ̀tún, Kòdámilójú ń darí tòsì. Kò sí ẹjọ́ tó ń parí àfi bí ọwọ́ méjèèjì bá pàtẹ́ pọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹjọ́ fi pọ̀ nílẹ̀. Àwọn àpótí tò lọ lábẹ́ ògiri, ènìyàn jókòó lórí wọn. Mo rí Làníhún. Ìyá Àwẹ̀ró wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí okùn, kò sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Wọ́n kàn jókòó.

Fẹ̀yìntọ́lá rí ọmọ rẹ̀. Ó ní: "Baba Ọdẹ, ta ló ní kí ẹ gbé ọmọ yìí wá síbí?"

Mo ní: "Òun náà ni."

Ó ní: "Ọmọdé ti ń rán àgbà níṣẹ́ nìyẹn."

Olórí-Méjì ṣàlàyé òfin fún Àwẹ̀ró. Kó wọ ilé náà, kó jáde. Bó bá mú nǹkan, yóò jókòó sórí àpótí. Bí kò bá mú nǹkan, yóò dáhùn ìbéèrè kan. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá tọ́, kó mú ìyá rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni Olórí-Méjì kọ ẹ̀yìn sí ilé náà, gbogbo ìlú sì kọ ẹ̀yìn sí i. Òfin wọn ni. Kò sí ojú kankan nínú ilé yẹn.

Àwẹ̀ró wọlé. Ó pẹ́. Ó jáde, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

Gbàábẹ́ẹ̀ ní: "Kí ló dé tí o kò mú nǹkan?"

Mo ti sọ pé irọ́ kì í jáde lẹ́nu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n dídákẹ́ kì í ṣe irọ́. Mo rí i lójú ọmọ náà pé nǹkan ṣẹlẹ̀ nínú ilé, mo sì ṣẹ́jú sí i pé kó dákẹ́ díẹ̀, kó sì ro ohun tí yóò sọ. Ó rí mi. Ó ní:

"Mo mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, sà."

Ìyá rẹ̀ di ojú.

"Ọmọ-ọwọ́ kan wà lẹ́yìn agbọ̀n nínú ilé yẹn, ó ń sunkún. Mo bó o fún un."

Kòdámilójú ní: "Báwo lo ṣe mọ̀ pé ebi ló ń pa á?"

"Mo mọ ẹkún yẹn."

"Ṣé o jẹ nínú rẹ̀?"

Àwẹ̀ró wo ọwọ́ rẹ̀. "Mo lá ọwọ́ mi."

Gbàábẹ́ẹ̀ ní: "Ẹjọ́ ti parí. Kò sẹ́ni tó rí i. Ó mọ ohun tí yóò pàdánù, ó sì sọ ọ́. Kí ló tún kù tí à ń pè ní ìwà?"

Kòdámilójú ní: "Kò mọ ohun tó ń pàdánù. Wọ́n kọ́ ọ pé kó má purọ́, kò purọ́. Ó rí ẹni tó ń sunkún, àánú ṣe é. Ewúrẹ́ pàápàá ń bá ọmọ rẹ̀ ké. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà."

"Àkísà kọ́ la ń wá."

"Ọmọdé kò mọ títí. Sọ fún un pé yóò jókòó títí láé, ọ̀la ló gbọ́. Ẹni tí kò mọ iye ohun kan, kò lè fi í tọrẹ."

"Ta ló wá mọ títí láé nínú àwọn àgbà? Ẹni tó ti lọ nìkan ló mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tó ń bi í léèrè."

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ títí itọ́ ẹnu ọ̀kan fi ń ta sí èkejì lójú. Ọwọ́ ọ̀tún wà lókè, ọwọ́ òsì wà nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ni Àwẹ̀ró gé. Ó ní: "Ẹ jẹ́ kí n jókòó sórí àpótí ìyá mi, kí ìyá mi máa lọ."

Kòdámilójú ní: "Ẹ gbọ́ bí ó ti rọrùn lẹ́nu rẹ̀. Ó dáa. Kó jókòó. Kó mọ títí. Lẹ́yìn náà a ó tún bi í."

Fẹ̀yìntọ́lá dìde. Ọmọ rẹ̀ jókòó. Ìyá kò lè kọjá ẹnubodè títí ẹjọ́ yóò fi parí, nítorí náà ó wá dúró tì mí.

Àpótí yẹn kì í ṣe àpótí lásán. Ebi kì í pa ẹni tó bá wà lórí rẹ̀, ara kì í ro ó. Ohun gbogbo tí ó fẹ́ràn ló ń gba iwájú rẹ̀ kọjá, kì í sì í dúró. Àwọn ẹgbẹ́ Àwẹ̀ró wá, wọ́n ń ṣe bojúbojú. Wọ́n pè é, kò lè lọ. Wọ́n tún kọjá, ọmú ti yọ láyà wọn. Wọ́n tún kọjá, wọ́n ti pọn ọmọ. Wọ́n tún kọjá, ọ̀pá ni wọ́n ń tẹ̀, wọn kò mọ̀ ọ́n mọ́. Òun wà bí ó ti wà, eyín iwájú rẹ̀ kò hù. Lójú tèmi, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹnubodè so, ó gbó, wọ́n bẹ́ ẹ. Lójú tirẹ̀, n kò mọ iye tó jẹ́. Ó sunkún. Nígbà tó yá, kò sunkún mọ́, ìyẹn sì burú ju ẹkún lọ.

Fẹ̀yìntọ́lá kò jẹun. Mo fún un lẹ́ran, ó fi sílẹ̀.

Olórí-Méjì padà wá.

Kòdámilójú ní: "Ọmọ, ṣé o ti mọ títí?"

Àwẹ̀ró ní: "Mo ti mọ̀ ọ́n, sà."

"Ṣé o fẹ́ jókòó?"

"N kò fẹ́."

"A kò dè ọ́. Dìde kó o máa lọ."

"Bí mo bá dìde, ìyá mi ni yóò jókòó."

Ìgbà náà ni Fẹ̀yìntọ́lá bọ́ síwájú. Ohùn tó fi ń rán ọmọ lọ pọnmi ló fi sọ̀rọ̀. Ó ní: "Àwẹ̀ró, dìde."

Mo rí i tí ọmọ náà fẹ́ẹ́ dìde. Kò kọ ohùn yẹn rí láyé rẹ̀.

"Mo ní dìde. Ṣé ìwọ lo bí mi ni, àbí èmi ni mo bí ọ?"

"Ẹ̀yin lẹ bí mi, mà."

"Èmi ni mo jí iṣu. Ìwọ kọ́ ló jí i. Dìde kí n tó ka ení."

"Rárá, mà."

Ó tẹ orí ba bí ọmọ tí a kọ́ dáadáa. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí àpótí mú. Kò dìde.

Olórí-Méjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀, ti Kòdámilójú, lọ sí ọrùn ọmọ náà, ó fi ìka wá okùn yí ọrùn ká, níwájú, lẹ́yìn, lábẹ́ irun. Ó gbé ọwọ́ náà sókè, ó wò ó. Ìdọ̀tí nìkan ló wà níbẹ̀.

Kòdámilójú ní: "Ó dá mi lójú díẹ̀."

Gbàábẹ́ẹ̀ ní: "Díẹ̀ tó."

Ọwọ́ méjèèjì pàtẹ́. Àwọn ará ìlú wo ara wọn, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ ìró náà rí. Àwẹ̀ró gbìyànjú láti dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Mo gbé e.

Làníhún ní: "Èmi ńkọ́?"

Kòdámilójú ní: "Ìwọ dá mi lójú pátápátá."

A kúrò níbẹ̀. Fẹ̀yìntọ́lá kò bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ títí a fi dé odò. Ó ń bínú pé ọmọ òun sọ "rárá" fún òun lójú àlejò. Ní odò ló gbà á lọ́wọ́ mi, ó pọ̀n ọ́n, ó so ọ̀já le. Kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́ títí a fi wọ Agbọ́njú.

Bí mo bá dúró síbí, ẹ ó máa gbé ọmọ náà gẹ̀gẹ̀. Nítorí náà ẹ gbọ́ ìyókù. Òjò rọ̀ lọ́dún náà, oúnjẹ wá. Kò pẹ́ sí i, Àwẹ̀ró jí ẹja nínú ọbẹ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ nà án, ó sì tọ́ kó nà án.

"Áà, Baba. Nígbà náà kò ní ìwà kankan nìyẹn. Baálé ló jàre."

Rẹ̀mílẹ́kún, láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ ni o ti ń ju ẹ̀gúsí olóko sẹ́nu. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìwọ kò ní ìwà.

Mo sọ fún Baálé ohun tí mo rí, bí mo ti sọ fún yín. Ó ní òun yóò rò ó. Ó kú kó tó rò ó tán. Èmi ti rò ó tèmi. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, mo gbà bẹ́ẹ̀, mo sì fi pàṣán kọ́ tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ló ní kí Àwẹ̀ró dìde. Ohun tó mú un jókòó, kì í ṣe èmi ni mo kọ́ ọ, kì í ṣe ìyá rẹ̀.

Fẹ̀yìntọ́lá dàgbà, ó sì kú sílé. Àwẹ̀ró lọ sílé ọkọ ní òkè odò. Làníhún kò padà. Ilé rẹ̀ ti wó. Ìloro nìkan ló kù, ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀.